Sìrájù Télọ̀ Tó Ní Ọ̀tún Kò Yàtọ̀ sí Òsì

Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1957, ṣọ́ọ̀bù Sìrájù ni ẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí nǹkan gidi mìíràn ní Fìdítì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ tó dojú kọ títì ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì kan wà níbẹ̀, tábìlì ìgéṣọ kan, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tí wọ́n gbé aṣọ wá àti àwọn tí wọ́n gbé ẹnu wá. Ẹnu ni èmi ń gbé wá. Solomon ni orúkọ mi, tíṣà ni mí ní ìlú náà, bí ilé ìwé bá sì ti jáde lọ́sàn-án, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ẹ ó ti bá mi.

Sìrájù mọṣẹ́. Ẹni tó bá ní kò mọṣẹ́, irọ́ ló pa mọ́ ọn. Bó bá rán gbérí fún àgbẹ̀, aṣọ náà á gbó tán kí ojú rírán rẹ̀ tó tú. Ohun tó kó bá a ni pé mímọ iṣẹ́ kò tó o, ó ń wá ìdí tí òun fi mọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Fìdítì ni àìsàn yẹn kò ṣe rí, ara wọn sì le.

Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún márùn-ún gbáko, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kò ní ju òfin kan lọ: ká aṣọ sí méjì kí o tó gé e. Bó o bá ká a, ohun tí àlùmọ́gàjí bá ṣe fún apá ọ̀tún, ó ti ṣe é fún apá òsì lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀gá náà kò sọ ìdí. Bí Sìrájù bá gbàgbé, rúlà ló máa ń bà lé e lórí, ìyẹn sì tó ìdí fún ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó gba òmìnira, ó padà sí Fìdítì, ó fẹ́ Fàòsíyà, ọmọ Ìlọrà, tó mọ aṣọ hun. Ẹ̀yìnkùlé ni Fàòsíyà ri òfì rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ti ń hun kíjìpá tí ọkọ rẹ̀ ń rán. Aṣọ òdòdó tí àwọn obìnrin ń rà bọ̀ láti Ìbàdàn, Sìrájù kì í gbà á. Ó ní òdòdó ń dí òun lójú. Kíjìpá, aṣọ funfun àti kàkí ni tirẹ̀, àwọn aṣọ tí ènìyàn lè yí sódì kó má mọ̀ pé òun yí wọn sódì.

Èmi ni mo dá wàhálà sílẹ̀. Mo ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà dé pẹ̀lú ìwé ńlá kan, mo sì ń wá ẹni tí màá kà á fún. Ìyàwó mi kò ráyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú ọsàn kan nínú igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìrájù.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "bí ẹ bá sọ ọsàn yìí sílẹ̀ ní Fìdítì, á já bọ́. Ẹ gbé e dé Jóbẹ̀lẹ̀, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, bákan náà ló ṣe máa já bọ́. Òfin tó ń fà á kò béèrè orúkọ ìlú. Ẹ kọjú sí Mẹ́kà, ẹ kẹ̀yìn sí Mẹ́kà, kò kàn án. Ìbáà ṣe lánàá, ìbáà ṣe lọ́la, ọ̀kan náà ni."

"Bàbá bàbá mi mọ̀ pé ọsàn ń já," Sìrájù dáhùn, ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

"Wọn ò mọ èyí tó kàn. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ìbáradọ́gba yẹn, pé ibi gbogbo rí bákan náà, ló ṣáájú òfin. Wọ́n ní òun ni àgbà tó jókòó lókè gbogbo òfin ayé, tó ń sọ fún wọn pé ìwọ wọlé, ìwọ dúró síta. Òfin tó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan ní Fìdítì kó ṣe òmíràn ní Jóbẹ̀lẹ̀, kò ní rọ́nà wọlé. Bí ẹ bá tún gbé dígí síwájú ayé, tí ọ̀tún di òsì tí òsì di ọ̀tún, ayé inú dígí náà á máa lọ lábẹ́ òfin kan náà."

Máṣíìnì dákẹ́. "Ọ̀tún àti òsì?"

"Wọn ò yàtọ̀ lójú òfin."

Sìrájù dìde. Ó wo àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó wo aṣọ tó wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n wá sọ fún pé bàbá rẹ̀ jọba rí. Ó ti rí ìdí náà. Òfin ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n fi rúlà kọ́ ọ, òfin ayé ni.

Ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, kí n jẹ́wọ́. Ìwé yẹn ní apá kejì. Àwọn onímọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ní irọ́ ni, pé kò sí àgbà kankan lókè. Wọ́n ní ohun tí àwọn nǹkan ń ṣe ni wọ́n ń ṣe, àwa la wò wọ́n tán tí a rí i pé wọ́n bára dọ́gba, tí a wá sọ ìbáradọ́gba di ọ̀gá wọn. Lójú tiwọn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ní ipasẹ̀ ewúrẹ́ ló ń fa ewúrẹ́ lọ. Mo ti ka ojú ìwé yẹn. Mi ò sọ ọ́, nítorí pé Sìrájù ti ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi jáwọ́ nínú kíká aṣọ. "Kí ni mo tún ń ká a sí?" ó bi mí. "Bí òfin bá ti ní ọ̀tún àti òsì dọ́gba, ẹni tó bá ń káṣọ kò gba òfin gbọ́ ni." Ó wá ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ẹyọ kan. Á gé apá kan, á gbé e lé ibòmíràn lórí aṣọ náà, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, á gé èkejì. Bó bá gé e tán, á yí ọ̀kan sódì, ó di ọ̀tún, èkejì jẹ́ òsì. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sì bà jẹ́, nítorí kíjìpá kò lójú, kò lẹ́yìn. Sìrájù rò pé òfin ni kíjìpá ń pa mọ́. Kíjìpá kò gbọ́ nípa òfin kankan rí.

Orí bẹ́ǹṣì wá di ilé ìwé. Ṣàmsúdéènì tó ń fi lọ́rì kó ọsàn lọ Ìbàdàn ló gbìyànjú láti mú un. "Bí ọ̀tún àti òsì bá dọ́gba, kí ló dé tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni mo ti ń jókòó wa mọ́tò mi?" Sìrájù ní ènìyàn ló gbé ìjókòó sápá ọ̀tún, pé bí wọ́n bá gbé e sí òsì, tí wọ́n sì yí gbogbo inú mọ́tò àti títì padà pẹ̀lú rẹ̀, lọ́rì náà á ṣì dé Ìbàdàn. Ìdáhùn yẹn dára, mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ló tún kó bá a sí i, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn mọ́.

Ó gbé òfin náà wọnú ilé. Ó sọ fún Fàòsíyà pé àwọn méjèèjì dọ́gba, pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ ṣàkíyèsí pé nínú ọwọ́ méjèèjì tó ń wẹ ara wọn yìí, ọ̀kan ló ń pọnmi. Fàòsíyà ló ń ran òwú, ló ń hun aṣọ, ló ń dáná, ló ń fọwọ́ ṣẹ́ etí gbogbo aṣọ tí ọkọ rẹ̀ bá fi máṣíìnì rán. Bó bá ti ṣẹ́ etí rẹ̀ tán, á gbé e padà sórí tábìlì, Sìrájù á sì fi han oníbàárà, á ní, "Ẹ wo iṣẹ́ mi."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní àwọn onímọ̀ kan lókè òkun ti rí ohun kan tó kéré ju eruku lọ, tó jẹ́ pé bó bá ń tú ká, apá kan ló máa ń tú sí jù. Bí a bá wo irú rẹ̀ nínú dígí, ti inú dígí á ṣe ohun tí tòde kì í ṣe. Ó ní ayé mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ kò lè jẹun. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá Sìrájù.

"Wọn ò wò ó dáadáa," ó ní. "Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé àgbà ni. Àgbà á wá fi ipò sílẹ̀ nítorí eruku?"

Fàòsíyà ń gbé aṣọ kọjá. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ó ní. "Ṣé ó dìgbà tí ènìyàn bá dé òkè òkun kó tó mọ̀ pé òsì yàtọ̀?"

Sìrájù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ apá kejì fún un, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ àkọ́kọ́, ó sì nira kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ tú ohun tó fi dì.

Àrán ló wá tú u. Sìrájù àti Fàòsíyà ní ọmọbìnrin kan, Àbọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ti fẹ́ẹ̀ ka Kùránì tán lọ́dọ̀ àfáà. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà ni wòlímọ̀ rẹ̀, níbi tí yóò ti jókòó láàárín ìlú tí yóò ka tirẹ̀ sétí gbogbo ayé. Fàòsíyà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Kùránì nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìlọrà. Wọ́n fi í fọ́kọ kó tó dé ìdajì. Kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún mi nígbà kan pé ohun tó ń dun òun láyé òun nìyẹn, pé kò sí òmíràn. Ó ti pinnu pé àrán ni Àbọ̀dé máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé ìyá ọmọ yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ló fi hun kíjìpá lórí kíjìpá kó tó lè ra àrán pupa náà. Ìwọ̀n gáwùn kan péré ni, ẹni tó tà á fún un ní òun kò ní irú rẹ̀ mọ́.

Fàòsíyà fẹ́ gbé e lọ fún obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Ìlọrà. Sìrájù ní àbùkù ni, pé kí ọmọ télọ̀ wọ aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán. Fàòsíyà ní kó jẹ́ kí òun gé e nígbà náà, kí ó máa rán an. Sìrájù bi í bóyá ó ti mu nǹkan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà sí wòlímọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun àárọ̀, Sìrájù tẹ́ àrán náà sórí tábìlì. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Fàòsíyà fi ọwọ́ rẹ̀ gba ojú aṣọ náà lọ, ó pọ́n, ó fi ọwọ́ gbà á bọ̀, ó dúdú.

"Bàbá Àbọ̀dé, aṣọ yìí nírun lára. Ó níbi tó kọrí sí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò jọ iwájú."

"Aṣọ ni, kì í ṣe ewúrẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a."

"Ọdún méjì ni mi ò ti káṣọ. Ṣé ó bà jẹ́ rí?"

Fàòsíyà wò mí. Ó mọ̀ pé ẹnu mi ló ti wá, ó sì ń dúró kí n sọ nǹkan. Mo wo títì. Lọ́rì kan ń kọjá.

Sìrájù gé e. Ìlàjì iwájú kan, ó gbé e lé ibòmíràn, ó gé èkejì. Apá gígùn kan tó tẹ̀ níbi ìgúnpá, ó gbé e lé ibòmíràn, ó gé èkejì. Nítorí kí aṣọ lè tó, ó gé ẹ̀yìn gáwùn ní orí sísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Mi ò tíì rí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Fàòsíyà ló tò ó sílẹ̀. Apá méjèèjì, ti òsì ni. Ìlàjì iwájú méjèèjì, ti òsì ni. Sìrájù mú apá kan, ó yí i sódì bó ti máa ń ṣe. Ó di ọ̀tún lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun àrán wọnú lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò nírun bọ́ síta bí ikùn ẹja. Ó yí i padà, ó di òsì. Ó fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ṣì jẹ́ òsì. Ó gbé iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn nínú oòrùn: iwájú pọ́n bí epo, ẹ̀yìn ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Fún bí ìdajì wákàtí, mo jókòó wo ọkùnrin tó ń wá ọ̀tún nínú òsì méjì.

"Aṣọ ló ṣàṣìṣe," ó wí nígbẹ̀yìn. "Òfin kò ṣàṣìṣe."

Fàòsíyà jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Àwọn kan wà ní Fìdítì lónìí tí wọ́n ń sọ pé kò sunkún, pé obìnrin ogun ni. Mo wà níbẹ̀. Ó sunkún títí tí Sìrájù fi jáde lọ dúró sẹ́bàá títì, tí ojú sì tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yẹn, àti ìdajì Kùránì tí wọn kò jẹ́ kó kà tán.

Nígbà tó dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ó pe ọkọ rẹ̀ wọlé. Èmi ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi là á. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan méjì dọ́gba?"

"Bí a bá pààrọ̀ wọn," mo ní, "tí èyí bọ́ sípò ìyẹn, tí ohunkóhun kò sì yí."

"Ó dára. Bàbá Àbọ̀dé ní èmi àti àwọn dọ́gba. Ẹ máa lọ sídìí òfì, Bàbá Àbọ̀dé. Èmi á dúró nídìí tábìlì. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá nǹkan kan á yí."

Kò pariwo. Ó tiẹ̀ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ délẹ̀. Sìrájù wò mí, bóyá mo ní ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tó lè yọ ọ́. Òfin tirẹ̀ ni wọ́n nà sí i, kò sì lè ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Fàòsíyà gbé kíjìpá aláró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán, ó ká a sí méjì, ó gé gáwùn. Ọwọ́ tó ti ń ṣẹ́ etí aṣọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra mọ gbogbo ibi tí aṣọ ń gbà wọ ara wọn. Ó mú nínú àrán tó bà jẹ́ náà, ó gé kọ́là àti ìgbátí ọwọ́ méjì, ó rí i dájú pé irun wọn kọrí síbì kan náà. Ní ọjọ́ wòlímọ̀, Àbọ̀dé jókòó pẹ̀lú kíjìpá aláró ọlọ́rùn àrán, ó kàwé, kò ṣi ẹsẹ̀ kan kà. Fàòsíyà ń kà á tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀ ẹnu títí dé ibì kan, ó wá dákẹ́ níbẹ̀, ó ń gbọ́. Ó dára kọjá bí mo ṣe lè kọ ọ́.

Ní ti Sìrájù, ní ọjọ́ kìíní rẹ̀ nídìí òfì, òwú mọ́kànlá ló já. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ́ wọn pọ̀ tó fi jẹ́ pé Àbọ̀dé ló wá tú wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ pọnmi, gbogbo odò sì dákẹ́ láti wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, obìnrin mẹ́rin ti gbé aṣọ òdòdó wá bá Fàòsíyà, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

Sìrájù wá bá mi ní ilé ìwé. "Tíṣà," ó ní, "nǹkan yí."

Ìgbà náà ni mo tó sọ apá kejì fún un, ti ewúrẹ́ àti ipasẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí àgbà kankan lókè, pé ohun tí kíjìpá jẹ́ ni kíjìpá ń ṣe, ohun tí àrán jẹ́ ni àrán ń ṣe.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi parí ìjà, Fàòsíyà ni ẹni gbogbo ń gbé aṣọ wá fún. Sìrájù ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléédú lọ aṣọ, òun ló ń pọnmi, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ kan oníbàárà kan bi í pé ta gan-an ni télọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Èyíkéyìí nínú wa. Ọ̀kan náà ni."

Fàòsíyà kò gbé ojú kúrò lórí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni," ó ní, "kí ló dé tó fi gba ọdún mẹ́tàdínlógún?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo ń rẹ́rìn-ín náà délé. Títílayọ̀, ìyàwó mi, ti pọnmi ìwẹ̀ mi sílẹ̀. Ó gbé oúnjẹ wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú mi, ó bi mí kí lohun tó pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Sìrájù.

"Ọ̀rọ̀ aṣọ ni," mo ní, mo sì na ọwọ́ sí oúnjẹ.